Ẹyẹ Tí Ń Bá Ìjàlọ Rìn: Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé àti Ìdáhùn Wa

Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, a kọ ìlà díẹ̀ nípa àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń gbé ìsàlẹ̀ igbó ńlá, tí wọ́n ń jẹ kòkòrò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í rí. A rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò kọjá lọ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Abẹ́òkúta àti àwọn ìletò tó yí i ká, ó sì hàn gbangba pé àwọn tí ń lọ sí oko ń rí ohun tí àwa ará ìlú kì í rí. Èyí tí ó gba àlàyé púpọ̀ jù lọ ni a fi ṣáájú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Oko kòkó ẹ̀gbọ́n mi wà ní ẹ̀bá igbó ọba Ọmọ, lọ́nà J4, mo sì máa ń lọ bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà ìkórè. Lẹ́yìn òjò kan, mo rí ọ̀wọ́ ìjàlọ tí ó bo ilẹ̀ lábẹ́ igi, àwọn ẹyẹ kéékèèké sì ń fò sókè sódò níwájú wọn. Ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, àyà rẹ̀ funfun, nígbà tí ó sì ń bá ẹyẹ mìíràn jà, ìyẹ́ aláwọ̀ ọsàn dìde ní àtàrí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìjàlọ ni wọ́n ń jẹ. Èmi kò gbà. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì, ẹyẹ wo sì ni? (Òǹkàwé kan ní Ìtòkò)

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n yín, kí wọ́n má sì bínú sí wa, nítorí ẹ̀yin ni ẹ jàre. Ẹyẹ náà lè ṣèèṣì gbé ìjàlọ kan mì mọ́ oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjàlọ kọ́ ni ó bá wá sí ibẹ̀. Ohun tí ìjàlọ ń lé jáde ni ó ń jẹ. Nígbà tí ìjàlọ bá tú jáde láti wá oúnjẹ, wọn a tàn ká ilẹ̀ ní ìbú tí ó lè tó mítà mẹ́wàá, wọn a sì máa rọra lọ síwájú, wọn a máa wọ abẹ́ ewé jíjá, abẹ́ èèpo igi àti inú ihò gbogbo tí wọ́n bá bá pàdé. Àwọn òṣìṣẹ́ inú wọn kò ní ojú rárá; òórùn àti ìfarakanra ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà, iye wọn nínú agbo kan ṣoṣo sì lè tó mílíọ̀nù mélòó kan. Kò sí kòkòrò tí yóò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ tí yóò fara balẹ̀. Aáyán, ìrẹ̀, tata, aláǹtakùn, àkekèé, títí kan àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tíntìntín, gbogbo wọn ni yóò sáré jáde kúrò níbi tí wọ́n fara pamọ́ sí, ibẹ̀ gan-an ni ẹyẹ sì ti ń retí wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí lékèélékèé tí ń tẹ̀lé màlúù kiri pápá, tí ó ń ṣá àwọn tata tí ẹsẹ̀ màlúù ta jí, ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà, a kò sì tíì gbọ́ pé lékèélékèé jẹ màlúù rí.

Bí ẹ bá tún bá wọn pàdé, ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀nà tí ẹyẹ náà ń gbà ṣe é. Kì í dúró sí àárín ìjàlọ, nítorí wọn yóò gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń fi èékánná di igi tín-ín-rín kan mú, níbi tí kò ga ju orúnkún ènìyàn lọ, yóò tẹ orí sí ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ kì yóò sì kúrò lára ewé gbígbẹ tí ń mì. Bí ìrẹ̀ kan bá ta jáde, ẹyẹ a já bọ́, a ṣá a lẹ́ẹ̀kan, a sì ti padà sórí igi mìíràn kí ìjàlọ tó ráàyè di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Nígbà mìíràn, kò ní yára tó. Ẹ ó rí i lórí ẹ̀ka tí ó ń gbọn ẹsẹ̀ kan, tí ó ń fi àgógó ẹnu já ìjàlọ dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń yọjú wo ilẹ̀ bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí oúnjẹ má baà fò ó ru.

Ní ti orúkọ rẹ̀, ìyẹ́ aláwọ̀ ọsàn tó dìde ní àtàrí ni ó tú u fó. Àpèjúwe yín bá ẹyẹ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Alethe castanea mu. Kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, akọ àti abo rẹ̀ jọra, ó sì wà ní àwọn igbó gúúsù Nàìjíríà títí lọ dé Kóńgò àti Uganda. Ìlà aláwọ̀ ọsàn náà máa ń sùn pẹlẹbẹ sí àárín àtàrí nígbà tí ara bá rọ ẹyẹ náà. Ìbínú ni í gbé e dìde. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ìfé gígùn kan ṣoṣo tí ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tí ó dákẹ́, tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìfé náà títí tí etí wọn ti mọ́ ọn lára, tí wọn kò sì bá ẹni tó ni ín pàdé rí.

Ìjà tí ẹ rí náà kì í ṣe ìjà aláìnídìí. Ipò wà níwájú ìjàlọ. Àárín iwájú ni oúnjẹ ti ń jáde jù lọ, ẹyẹ tó tóbi jù ni í sì í gba ibẹ̀. Àwọn tí kò lágbára tó wọn a dúró sí ẹ̀gbẹ́, wọn a máa jí nǹkan gbé nígbà tí ọ̀gá bá yíjú. Ẹyẹ kan tún wà, Stiphrornis, tí ọ̀fun rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, tí àmì funfun kan sì wà láàárín ojú àti àgógó rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 12 péré ni gígùn rẹ̀. Etí ọ̀wọ́ ni ẹ ó ti rí òun, bí ó bá wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọgbà ilé wa ní Ọbáńtókò ní igi máńgòrò, ọ̀pẹ àti odán. Ẹ̀gà, ológoṣẹ́ àti àdàbà kún ibẹ̀ láràárọ̀. Kí ló dé tí irú àwọn ẹyẹ tí ẹ kọ̀wé nípa wọn kì í yà sọ́dọ̀ wa? Ṣé àwọn ọdẹ ló ti pa wọ́n tán ni? (Ìyá oníṣòwò kan)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, àwọn ọdẹ kò jẹ̀bi ẹ̀sùn yìí. Ẹran ara ẹyẹ náà kò tó ohun tí ọdẹ ń tìtorí rẹ̀ fi ọta ṣòfò. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń lé wọn. Nínú ẹgàn tí a kò tíì fọwọ́ kàn, igi lé igi lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ìdá kan tàbí méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni í dé ilẹ̀. Ibi tí ó tutù, tí ó ṣókùnkùn, tí kò sì ní atẹ́gùn púpọ̀ yìí ni wọ́n bí ẹyẹ náà sí, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹ, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láì fara kanra. Ọ̀rọ̀ náà kò bá àwọn tiwa yìí wí, nítorí wọn kì í lo ojú ọ̀run. Láti igi kan sí èkejì ni gbogbo ìrìn wọn, ìyẹ́ apá wọn kúrú, kò sì sí ohun tí wọ́n ń sá fún bí ilẹ̀ gbalasa.

Ibi tí a ti mọ èyí dájú jù lọ jìnnà sí wa. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà omi tí ọkọ̀ òkun ń gbà kọjá ní orílẹ̀-èdè Panama, wọ́n sé odò Chagres, omi rẹ̀ sì bo ilẹ̀ púpọ̀ ní 1913. Òkè kan tí igbó bò yọrí láàárín adágún náà, ó sì di erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Barro Colorado. Erékùṣù náà kì í ṣe kékeré, ó gba ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà 1,500 lọ, láti 1923 ni wọ́n sì ti yà á sọ́tọ̀ fún ìwádìí, tí igbó rẹ̀ wà lábẹ́ ààbò. Onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà kan, Edwin Willis, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ẹyẹ tí ń bá ìjàlọ rìn níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960, ojú rẹ̀ sì ni èyí tó tóbi jù nínú wọn ṣe ń dín kù lọ. Ẹyẹ náà ti tán ní erékùṣù yẹn báyìí. Kò sí ẹni tó gé igi. Ìjàlọ wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó wà níbẹ̀ kú, òmíràn kò lè ti òdìkejì omi wá rọ́pò wọn.

Ẹnìkan lè bi wá pé báwo ni ẹyẹ kò ṣe ní lè fò kọjá omi. Àwọn olùwádìí bi ara wọn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n kó oríṣiríṣi ẹyẹ igbó sínú ọkọ̀ ojú omi lórí adágún yẹn kan náà, wọ́n sì ń tú wọn sílẹ̀ ní ibi tí etí omi kò jìnnà sí, ọgọ́rùn-ún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn irú kan fò lọ sí èbúté láìwẹ̀yìn. Àwọn irú mìíràn, tí wọ́n jẹ́ ẹyẹ ìsàlẹ̀ igbó, fò díẹ̀, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì já sínú omi. Ọgọ́rùn-ún mítà, ìyá wa. Pápá tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù ló gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní Brazil, lẹ́bàá ìlú Manaus, àwọn onímọ̀ ti ń ṣọ́ àwọn ègé igbó tí àwọn darandaran ṣẹ́kù sáàárín pápá láti ọdún 1979: òmíràn hẹ́kítà kan, òmíràn mẹ́wàá, òmíràn ọgọ́rùn-ún. Àwọn ẹyẹ tí ń tẹ̀lé ìjàlọ ni wọ́n kọ́kọ́ pòórá nínú àwọn ègé kéékèèké. Ìdí rẹ̀ ni pé agbo ìjàlọ kan kì í jáde lójoojúmọ́ ní ọ̀nà kan náà, ẹyẹ sì ní láti mọ ibi tí agbo púpọ̀ wà kí ó tó lè rí jẹ ní òní, kí ó sì rí jẹ ní ọ̀la. Ègé igbó kékeré kò lè gba agbo púpọ̀. Bí a bá wo igbó ọba Arákángá tí ó wà létí Abẹ́òkúta níhìn-ín, tí ilé, oko àti ọ̀nà mọ́tò ti yí ká, a ó rí i pé irú ìṣòro kan náà ni. Ẹ̀gà àti ológoṣẹ́ kò ka ìyẹn sí, àwọn fẹ́ràn ibi tí ènìyàn bá là, nítorí náà ni wọ́n ṣe kún orí ọ̀pẹ yín.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Manaus yìí tí ó dùn mọ́ wa nínú, a kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Níbi tí wọ́n pa ilẹ̀ pápá tì, tí igi tún hù láàárín ègé igbó àti igbó ńlá, àwọn ẹyẹ kan tí ń bá ìjàlọ rìn padà wá láàárín ọdún díẹ̀. Igi náà kò dàgbà, kò sì ju igi tó dá hù fúnra rẹ̀ lásán lọ, ìbòòji rẹ̀ ni ẹyẹ náà ń wá. Oko kòkó tí àwọn bàbá wa fi igi ńlá sílẹ̀ sí lórí ṣe irú iṣẹ́ yìí dáadáa ju oko ẹ̀gẹ́ tí a ro gbalasa lọ.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà. Mo wo ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n nípa ẹyẹ Gúúsù Amẹ́ríkà tó ń tẹ̀lé èèrà. Ṣé ọmọ ìyá ni òun àti tiwa?

ÌDÁHÙN: Rárá, iṣẹ́ wọn ló jọra. Ìdílé ẹyẹ tí ẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n, Thamnophilidae, kò sí ní ilẹ̀ Áfíríkà rárá, àárín àti Gúúsù Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n wà, irú wọn sì lé ní 230, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló gbára lé èèrà láti jẹun. Àwọn tiwa jẹ́ ìbátan àwọn ẹyẹ tí ń mú eṣinṣin lójú òfuurufú.

Èèrà ibẹ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀ sí ìjàlọ tiwa. Eciton ni wọ́n ń pè é. Kì í gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni í fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ ara wọn, tí wọ́n á fi ara wọn ṣe ilé yí ìyá wọn àti àwọn ọmọ ká, lábẹ́ gbòǹgbò tàbí nínú igi tó wó. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọn a máa ṣí lọ lálaalẹ́, wọn a sì máa jáde lọ́pọ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà wọn a jókòó sí ojú kan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ìyá bá ń yé ẹyin. Àwọn ẹyẹ ibẹ̀ mọ ìyípo yìí. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọn a fò kọjá ibi tí èèrà sùn sí, wọn a yọjú wò ó bóyá wọ́n ti ń múra àtijáde, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, wọn a gba ọ̀dọ̀ agbo mìíràn lọ. Ìjàlọ tiwa ń gbẹ́ ilé sínú ilẹ̀, kò sì ní ọjọ́ tí a lè sọ pé yóò ṣí. Bóyá èyí ló fà á tí àwọn ẹyẹ Áfíríkà tó gbẹ́kẹ̀ lé ìjàlọ pátápátá kò fi pọ̀ tó ti ọ̀hún. Èrò tiwa nìyẹn o. Síbẹ̀, àwọn tó ṣe ìwádìí nínú igbó Kakamega ní Kẹ́ńyà rí i pé níbi tí wọ́n ti gé igbó sí wẹ́wẹ́, àwọn ẹyẹ tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju títẹ̀lé ìjàlọ lọ ni ó kọ́kọ́ dín kù.

ÌBÉÈRÈ: Ìjàlọ wọ ilé adìẹ mi lóru, adìẹ tó ń sàba kú sórí ẹyin. Ọkọ mi da kẹrosíìnì sí ihò wọn, ó sì dáná sun ún. Nísinsìnyí ẹ̀yin ń yin ìjàlọ nínú ìwé ìròyìn! (Aya àgbẹ̀ kan, lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àdánù o. Ẹni tí ìjàlọ pa adìẹ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Adìẹ tó wà ní títì ni wọ́n sábà máa ń pa, nítorí kò rí ọ̀nà sá. Bí ẹ bá ti rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ilé adìẹ, ẹ gbé àwọn ọmọ rẹ̀ àti ìyá tó ń sàba kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọjá. Wọn kì í pẹ́ lọ. Bí wọ́n bá lọ tán, aáyán, ìdun àti ọmọ eku inú ilé náà yóò ti lọ pẹ̀lú wọn. Ní ti kẹrosíìnì, ilẹ̀ oko yín ni ó ń bà jẹ́, a sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ má ṣe é mọ́. Ẹ tún wo kòkòrò ńlá aláwọ̀ pupa rúsúrúsú kan tí í fò wọlé sí ìdí iná ní alẹ́, tí ikùn rẹ̀ gùn, tí ó nípọn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbọ́n ni: akọ ìjàlọ ni. Kì í ta ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi fi àtè mú ẹyẹ kan báyìí ní oko bàbá àgbà rẹ̀, ó sì ti há a mọ́ àgò. Kò jẹ àgbàdo, kò jẹ ìrẹsì. Kí ni kí a fún un?

ÌDÁHÙN: Kò ní jẹ ẹ́. Kòkòrò ààyè ni oúnjẹ rẹ̀, kò sì sí bí ọmọ kékeré ṣe lè wá èyí tí yóò tó o lójoojúmọ́. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa àtè ara ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ nù ún kúrò dáadáa, kí ẹ sì dá a padà síbi tí ọmọ ti mú un gan-an, kì í ṣe sí ẹ̀yìnkùlé yín. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ òwúrọ̀, kí ó lè rí jẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀la.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Aṣẹ́rò. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo àwọn ẹyẹ yìí. Níbo ni kí a lọ, kí ni a sì gbọ́dọ̀ mú dání?

ÌDÁHÙN: Igbó ọba Ọmọ ni igbó tó tóbi jù tí ẹ ní ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, láti 1925 ló ti jẹ́ igbó ọba, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó tó ṣe pàtàkì ní àgbáyé ní 1977. Apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ti di oko kòkó àti oko igi mẹ̀láínà, nítorí náà ẹ má kàn wọlé láti ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹ máa retí ẹyẹ; ibi tí ẹgàn ṣẹ́kù sí ni kí ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó ní Abẹ́òkúta níbí, kí ẹ sì bẹ ẹ̀ṣọ́ igbó kan kí ó bá yín rìn. Okomu ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó dára jù ú lọ fún ẹyẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ má kó ju ọmọ mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ariwo. Kí gbogbo wọn wọ ṣòkòtò gígùn, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Etí ni kí ẹ fi wá ìjàlọ, kì í ṣe ojú: bí ẹ bá gbọ́ tí oríṣiríṣi ẹyẹ ń ké ní ojú kan nísàlẹ̀, tí ewé gbígbẹ sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí atẹ́gùn, ẹ ti dé ibẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀wọ́, níbi tí kò ju mítà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ẹ má ṣe dúró síwájú rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni ó ń bọ̀, ẹ ó sì ti dí ẹyẹ lójú. Ẹ má ṣe fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ sáfẹ́fẹ́ láti fi tàn án jáde, pàápàá ní àkókò tí ó bá wà lórí ẹyin. Bí ìjàlọ bá yí ọ̀nà padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, kí wọ́n rọra bọ́ sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n sì dúró jẹ́ẹ́; àwọn ẹyẹ yóò tún padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn láìpẹ́.